Sùtánà Mi Nìkan Ni Kò Ya

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Ọ̀wàrà, 1978.

Ìyá Adérẹ̀mí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Kàdúná? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu ní orúnkún? Adérẹ̀mí ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa láti ìgbà tí ibà ti fi í sílẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti mú un kúrò ní iṣẹ́ òru ní rélùwéè, àbí orí ìjókòó ló ṣì ń sùn bí ó ti ń sùn nígbà tí ẹ wálé? Ní tèmi, ara le. Mo ń jẹ, mo ń sùn, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́. Ìyókù ni mo jókòó láti kọ sí ọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yìí, tí gbogbo ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí àdúgbò sì dákẹ́.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O kí mi kú ewu ọmọ tí Jùmọ̀kẹ́ ọmọ mi bí, mo dúpẹ́, ọmọ tìrẹ náà yóò bí láyọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, o kọ ọ́ pé inú rẹ dùn pé mo jẹ́wọ́, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́run kò lè dárí jini, pé kí n má jẹ́ kí ojú tì mí mọ́. Olúfúnkẹ́, mo ka ibẹ̀, mo tún un kà. Orúkọ rẹ ni mo fi pè ọ́ yẹn nítorí pé inú ń bí mi. Ìwọ tí a jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, tí a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan, tí o mọ̀ pé mi ò lè fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ mi pamọ́ kí n sùn, ìwọ náà gbà pé mo ba aṣọ gbogbo ìjọ jẹ́? Ẹni tó kọ̀wé sí ọ kò kúkú purọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sì ní èmi ni. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbọ́ tèmi.

O mọ bí omi ṣe máa ń wọ́n ní Adó tí ọyẹ́ bá ti mú. Àjọ̀dún ìjọ wa kù sí dẹ̀dẹ̀ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, àwa Ẹgbẹ́ Màmá ni a sì ní láti fọ sùtánà àwọn akọrin, ti àwa fúnra wa, àti aṣọ pẹpẹ. Ẹ̀rọ omi kò yọ, àwọn garawa tí a fi ń pọn omi ti dípẹtà, wọ́n ń jò. Ìgbà náà ni Adébíyìí dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì rọ́bà ta Ọlọ́run lọ́rẹ. Àbúrò Wòlíì wa ni Adébíyìí, ìyá kan náà ló bí wọn. Òun ló ń tún bátìrì mọ́tò ṣe ní Fájuyì. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ta ni kò fẹ́ kẹ́ẹ̀gì rọ́bà? Kì í fọ́ bí ìkòkò, kì í dípẹtà bí garawa, ó sì fúyẹ́ lórí.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń yẹ kẹ́ẹ̀gì àlòkù wò: imú ni. Bí ó bá ti rùn kẹrosíìnì, ti kẹrosíìnì ni títí ayé, kò sí ẹni tí yóò fi pọn omi. Ìyá Ìjọ wa, ìyàwó Bàbá Ìjọ, tí ó tún jẹ́ ìyá Ọmọ́níyì tó ń fẹ́ Jùmọ̀kẹ́ mi sọ́nà, fi imú sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó rùn. Ó ní wọ́n mọ́. Omi díẹ̀díẹ̀ wà nísàlẹ̀ wọn, tí èyí tó tóbi jù sì dé ìdajì, ó mọ́ gaara bí omi òjò. Kò sí ẹni tó béèrè pé omi kí ni. A tò wọ́n síwájú pẹpẹ, Wòlíì gbàdúrà lé wọn lórí, a tan àbẹ́là yí wọn ká, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di ọjọ́ ìfọṣọ.

Ní ọjọ́ náà, a fọ aṣọ, a ṣan án, ó ku kí a rì í sínú omi búlúù. Omi kò tó. Ẹnìkan nínú wa fẹ́ da ìdajì kẹ́ẹ̀gì yẹn nù kí ó lè rí i fi pọn omi, Ìyá Ìjọ sì ké mọ́ ọn pé a kì í da omi tó ti rí pẹpẹ nù. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà fúnra rẹ̀, ó dà á sínú báàfù búlúù, ó ní kí ìbùkún wọ inú aṣọ wa. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ohùn tèmi ló tilẹ̀ ròkè jù. Lójú wa báyìí ni búlúù inú omi náà ṣá, tí omi padà di funfun, tí òórùn kan bí ti ẹyin tó bàjẹ́ sì ń jáde níbẹ̀. Ìyá Ìjọ ní ẹ̀ṣẹ̀ wa ni a ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. A bú sí orin. Ojú ibi tí ọyẹ́ ti la ọwọ́ wa ń ta wá bí ata, a ní agbára ló ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá rántí orin yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bú ara mi.

Gbogbo sùtánà tó wà nínú báàfù yẹn, pópílìn òwú ni. Tèmi nìkan ni tẹ́rílìn. Ìwọ lo fi aṣọ náà ránṣẹ́ sí mi láti Kàdúná, tí o ní aṣọ ayé tuntun ni, kì í hun, kí n má ṣáà jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án. Inú báàfù kan náà ni a rì í sí pẹ̀lú ti gbogbo ènìyàn.

Aṣọ gbẹ lórí okùn, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ ni nǹkan yí padà. Ibi tí áyọ́ọ̀nù bá kàn ń pọ́n bí èèpo búrẹ́dì. A rò pé èédú ló pọ̀ jù nínú áyọ́ọ̀nù, a dín in kù, a sì ká aṣọ jọ nítorí ilẹ̀ ti ṣú. Àárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún ni ojú wa já a. Ọlátúbọ̀sún, olórí akọrin, gbé apá sókè láti bẹ̀rẹ̀ orin, apá sùtánà rẹ̀ sì jábọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn jókòó, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ya láti ọrùn dé ìdí. Aṣọ pẹpẹ ya mọ́ Wòlíì lọ́wọ́ bí bébà tí omi pa. Àlejò wá láti Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjàn, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ń bo ara wọn. Èmi nìkan ni mo dúró láàárín wọn nínú aṣọ funfun tó pé.

Ẹ̀mí gbé Wòlíì. Ó ní òun rí iná láàárín wa. Ó ní ẹni tí iná kò jó aṣọ rẹ̀, òun ló ni iná. Kò dárúkọ mi. Kí ló fẹ́ dárúkọ mi fún, nígbà tí gbogbo ojú ti wà lára mi? Wọ́n ní àjẹ́ ni mo fi bà á jẹ́, àwọn tó fẹ́ ṣàánú mi díẹ̀ ní ojúkòkòrò lásán ni, pé mo fẹ́ kí wọ́n máa rán aṣọ tuntun lọ́dọ̀ mi. Wọ́n gba sùtánà lára mi ní ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí n máa jókòó sẹ́yìn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Bàbá Ìjọ ránṣẹ́ sí mi pé àwọn kò ní gbé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì jẹ́wọ́ wọlé, kí n gbàgbé ìgbéyàwó títí màá fi sọ òtítọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí, Ìyá Adérẹ̀mí, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo rí i pé Jùmọ̀kẹ́ ń bì láràárọ̀. Oyún Ọmọ́níyì ni. Ọmọ́níyì mọ̀, ẹ̀rù bàbá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè lanu. O mọ ìjọ wa. Ọmọ tó bá lóyún nílé ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni yóò máa dúró sí gbọ́ ìwàásù, wọn kò sì ní so ó pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú pẹpẹ. Tí ikùn bá fi yọ kí wọ́n tó gbé e níyàwó, ó parí nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Sùtánà mi tí wọ́n dá padà sílé ló kọ́kọ́ là mí lójú. Mo fà á yọ láti inú àpótí, apá rẹ̀ sì tú sí mi lọ́wọ́. Mo yẹ ọ̀nà abẹ́rẹ́ rẹ̀ wò: aṣọ kò lu, kò ya, òwú tí mo fi rán an ni ó ti jẹrà. Òwú ìránṣọ lásán ni mo fi rán an. Mo kó o lọ bá àwọn àgbà ìjọ, mo ní ẹ wò ó, ohun tó jẹ tiyín jẹ tèmi náà, aṣọ ni kò lè jẹ. Wọ́n gbé e yí wò. Ìyá Ìjọ ní abẹ fẹ́lẹ́ ni mo fi tú u kí aṣọ tèmi lè jọ tiwọn. Mo kó aṣọ mi, mo padà sílé.

Ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni ó ń jẹ òwú tí kì í jẹ tẹ́rílìn, tí kì í sì jẹ kẹ́ẹ̀gì? Mo rántí omi inú kẹ́ẹ̀gì tó mú búlúù ṣá, mo sì lọ sí Fájuyì. Bí mo ṣe dé ìsọ̀ Adébíyìí, ṣòkòtò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ihò wẹ́wẹ́ ló kún un láti itan dé ẹsẹ̀, bíi pé kòkòrò jẹ ẹ́. Mi ò kí i tán tí mo fi bi í pé kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo ilẹ̀. Kò jiyàn.

“Ásíìdì bátìrì ni, Màmá Jùmọ̀kẹ́,” ló wí. “Éè jẹ rọ́bà, éè jẹ tẹ́rílìn. Aṣọ òwú l'ó ń jẹ, ọjọ́ t'ó bá gbẹ l'ẹ á tó rí i. Mo ṣe bí ẹ á dà á nù, ẹ á ṣan kẹ́ẹ̀gì. Ta ni í mọ̀ pé ẹ á gbà á ládùúrà?”

Mo ní kí ó wá bá mi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ nínú ìjọ, wọn yóò ní òun fi ásíìdì ta Ọlọ́run lọ́rẹ. Ó tún ní òun ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun láti ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún. Mo jókòó sórí bátìrì kan níbẹ̀, n kò bìkítà bí ó bá jẹ ìró mi.

Wòlíì kò jiyàn pẹ̀lú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní lóòótọ́ ni, àbúrò òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìran ti jáde lẹ́nu òun. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ènìyàn ti ń ronú pìwà dà: ẹnìkan dá ewúrẹ́ tó jí padà, ọkọ àti aya kan tó ti kọra wọn tún jọ ń gbé. Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ kí ìgbàgbọ́ wọn ya bí sùtánà ni. Mo ní èmi kọ́ ni mo ya sùtánà. Ó ní òun mọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n ṣáà kúnlẹ̀, kí òun bi mí, kí n dáhùn, kí òun gbàdúrà ìdáríjì fún mi, ọ̀rọ̀ ti tán. Òun fúnra òun yóò so àwọn ọmọ náà pọ̀ kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ronú ikùn Jùmọ̀kẹ́. N kò sọ fún Wòlíì pé oyún náà ló ń tì mí.

Mo kúnlẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Àbẹ́là wà lọ́wọ́ mi. Wòlíì bi mí níwájú gbogbo ìjọ pé ṣé ìwọ ni. Mo ní èmi ni. Adébíyìí wà lórí ìjókòó iwájú, ó sì ṣe àmín bí àwọn yòókù. Ìyá Ìjọ wá fọwọ́ gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún, ó ní òun ti dárí jì mí. N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó mọ ohun tó dà sínú báàfù. N kò rò pé ó mọ̀. Bí ó bá mọ̀, ẹkún yẹn dára púpọ̀.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó sì dùn, o rí fọ́tò rẹ̀. Ọmọ́níyì àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Ìjàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ní ìparí oṣù tó kọjá ni Jùmọ̀kẹ́ bí. Ìyá Ìjọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ oṣù méje ni, pé Ọlọ́run ló pa á mọ́. Ọmọ oṣù méje tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí ti ẹni tó jẹ iyán. Èmi náà ṣe àmín. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀rí náà ti mọ́, mo ti ẹ̀rọ mi pa. Ìyá ìyàwó ní í wẹ ọmọ, àṣà wa ni, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ra òrí, mo ra kànìnkànìn tuntun, mo ra ọṣẹ, mo di ẹrù oṣù kan, mo wọ mọ́tò Ìjàn. Nígbà tí mo dé, Ìyá Ìjọ ti jókòó sórí àpótí nínú yàrá, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń wẹ̀ ẹ́. Mo ní mo dé, ẹ jẹ́ kí n gbà á. Ó kàn wo Jùmọ̀kẹ́. Ọmọ mi dìde, ó fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun ti dárí jì mí tipẹ́, òun kò ní ohunkóhun sí mi nínú, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́, kí n má fọwọ́ kan ọmọ náà.

Mo sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. Mo sọ ti bátìrì, mo sọ ti kẹ́ẹ̀gì, n kò sọ ẹni tó dà á. Ó tẹ́tí sí mi tán. Ó ní, “Màmá, mo wà níbẹ̀. Ẹnu ara yín lẹ fi jẹ́wọ́. Ta ní í jẹ́wọ́ ohun tí ò ṣe?”

Ìyá Ìjọ ti dá ọwọ́ dúró nínú yàrá, ó ń gbọ́, kànìnkànìn ń ro omi sórí itan rẹ̀. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi, Ìyá Adérẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: nítorí ikùn rẹ ni. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ oṣù méje ti parí, ilé ọkọ ti bàjẹ́ mọ́ ọn lórí. Bí n kò bá sọ ọ́, mo jẹ́ ohun tí wọ́n pè mí. Jùmọ̀kẹ́ ń wò mí, ó ń dúró. Kò tilẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀ rárá pé ìdí náà lè jẹ́ òun. Mo gbé òrí àti ọṣẹ fún un, mo ní kí wọ́n máa pò ó mọ́ra wọn. Mo sì wọ mọ́tò padà sí Adó ní ọjọ́ yẹn kan náà, pẹ̀lú ẹrù oṣù kan tí n kò tú.

Láti ìgbà náà ni n kò ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ní ẹ̀mí àtijọ́ ti padà sínú mi. Kí wọ́n máa wí.

Bí o bá ka èyí tán, fi iná sun ún, má sọ ọ́ fún ọkọ rẹ pàápàá. Bá mi kí i, bá mi kí Adérẹ̀mí àti àwọn àbúrò rẹ̀, kí o sì kí ìyá Hausa tó ń bá yín gbé inú ilé, èyí tó fún mi ní fùrá mu nígbà tí mo wá. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Bí ẹ bá wálé ní Kérésì, kí o tó yà sọ́dọ̀ mi, kọ́kọ́ lọ sí Ìjàn. Wọn kò ní kọ̀ fún ọ, ọwọ́ tìrẹ mọ́ lójú wọn. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o wẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Kí o wá jókòó tì mí, kí o sì sọ fún mi bó ṣe wúwo tó.

Èmi ni tìrẹ, bó o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Monínúọlá.